Ogun Òjé ní Ilé Epo Àtijọ́

"Ẹ kú ìjà o, ẹ̀yin ará wa," ni ohùn náà wí láti òkè àjà. "Ó kan Òkè-Èrò."

Rájí ni wọ́n ń pè ní Òkè-Èrò. Láti ìgbà tó ti wọ gbọ̀ngàn yìí, kò sẹ́ni tó pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àdúgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, bí ẹni pé gbogbo òrùlé tó wà níbẹ̀, gbogbo korobá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ, òun nìkan ló rù wọ́n wá.

Ó na ọwọ́ sí ọmọ ogun kan. Ó fa ọwọ́ padà. Ó wòkè.

Ojú wà níbẹ̀, ẹ̀rọ aṣọ́ni tí ohùn náà ti ń jáde. Wọ́n fi í kọ́ irin tí wọ́n ń so iná mọ́ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilé epo, nígbà tí mọ́tò ṣì ń mu epo. Ó dúdú, ó rí róbótó, ó tó ìkòkò ọbẹ̀. Kì í ṣẹ́jú. Ìyẹn gan-an ló ń ba Rájí lẹ́rù. Ẹranko tó burú jù lọ náà a máa ṣẹ́jú.

Lábẹ́ Ojú ni tábìlì wà, iyanrìn lórí rẹ̀ láti etí dé etí. Odi amọ̀ kékeré wà lọ́dọ̀ Rájí, yàrà yí odi náà ká, igbó tí wọ́n fi kànìnkànìn ṣe wà láàárín. Àwọn ọmọ ogun òjé tò síbẹ̀, kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ: ẹlẹ́ṣin, tafàtafà, àwọn tó di ọ̀kọ̀ àti asà mú. Kò sí ìbọn láàárín wọn. Òfin ni. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó tí wọ́n ti ń kọ iye owó epo tẹ́lẹ̀, lẹ́tà gàgàrà: OGUN ÀTIJỌ́ NÌKAN. ÌBỌN TI TÓ GẸ́Ẹ́.

Rájí ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ó mọ ohun tí ìbọn ṣe. Títí dòní, wọn ò rí òkú bàbá rẹ̀ sin. Nígbà tí wọ́n kéde pé àdúgbò kan ò gbọdọ̀ gbógun ti èkejì mọ́, pé kò sí kóòtù tí olówó lè rà mọ́, pé orí tábìlì nìkan ni ìjà kù sí, òun náà wà lára àwọn tó jó ní títì. Ó jó títí bàtà rẹ̀ fi já.

"Ó kan Òkè-Èrò," ni ohùn náà tún wí, jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tuntun tó ń jí ọkọ. "Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí àsìkò yín lọ."

Ẹ dákun! Wọ́n kọ́ irin ní ẹ dákun. Ohun tó lè gba omi lẹ́nu ọmọ, wọ́n wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà. Inú bí Rájí. Ṣùgbọ́n ó gbé e mì, nítorí ojora rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ìbínú rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti kékeré.

"Ṣé o máa ta ni, àbí ká lọ sun iṣu wá?" ni ẹnì kan kígbe láti òdìkejì tábìlì. "Ọ̀gágun Ẹ̀yìn! Yọjú nínú odi, kí oòrùn rí ẹ!"

Ọdẹ́yalé nìyẹn. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Òkè-Èrò tó jókòó lẹ́yìn Rájí ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ọjọ́ tí mo bá jáde, wàá wá ibi sá sí," ni Rájí wí lábẹ́ èémí.

"Ẹ gbọ́ o! Odi ń sọ̀rọ̀!"

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jó Rájí nínú lọ́jọ́ náà, òun nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ-kú-ojúmọ́. Ọ̀rẹ́ tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sín, èkejì á ti dáhùn kó tó sín tán.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ọdẹ́yalé ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Jórinjórin ni Ọdẹ́yalé. Òun ló ń yọ́ òjé inú bátìrì àtijọ́ nínú agolo, tó ń dà á sínú amọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Rájí, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà kejì, ló ń fi fáìlì ha wọ́n títí ara wọn á fi dán. Sìdí aránṣọ ló ń fi ọ̀dà èékánná kùn wọ́n, tí á sì máa bá wọn jà nítorí àwọ̀. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ta ló ń wọ ṣòkòtò pupa lọ sójú ogun? Ṣé ó fẹ́ kí wọ́n tètè rí òun pa ni?" Lọ́jọ́ Àìkú, tí Ọdẹ́yalé bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Rájí àti Sìdí bá ti kírun Àílà tán, wọ́n á da iyanrìn sórí ilẹ̀kùn àlòkù kan, ogun á bẹ̀rẹ̀. Ogun ayé àtijọ́, ti àwọn ọba ẹlẹ́ṣin tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìtàn wọn. Ìwé mẹ́rin ni Rájí kà, Ọdẹ́yalé kà mẹ́fà. Ohun tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n á fi ẹnu ara wọn ṣe é. Wọ́n á ta á, wọ́n á bú bàbá ara wọn, wọ́n á bú ẹṣin ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ ẹ̀pà. Ó tán. Kò sẹ́ni tó pàdánù ohunkóhun rí níbẹ̀, àyàfi ẹ̀pà.

Ojú kan wà lórí òrùlé Ọdẹ́yalé nígbà náà. Wọ́n rò pé iná oòrùn ló ń kà. Wọn ò fara pa mọ́ fún un. Ta ló ń fi eré pa mọ́?

Lọ́jọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì dé tí bàtà wọn mọ́ jù. Wọ́n ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n ta o." Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rò pé wọ́n ń yin àwọn ni. Sìdí tiẹ̀ nu àga fún wọn. Àṣé Ojú ti ń wò wọ́n látọjọ́ yìí, ó ti yan ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, àwọn ni yóò jà. Wọ́n kó gbogbo ọmọ ogun òjé náà sínú àpò. Wọ́n ní òfin ni pé kí oníkálukú fi èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ jà, kí ẹnì kan má baà wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ẹṣin arọ ni wọ́n gbé fún òun.

Ọ̀ràn sì dé. Páìpù tó ń gbé omi odò wá, tí Òkè-Èrò àti Ìsàlẹ̀-Odò jọ ń mu, omi inú rẹ̀ ti fà. Ojú wọ̀n ọ́n, ó ní kò lè tó méjì mọ́. Àdúgbò tó bá borí lórí tábìlì ni yóò ni ín fún ọdún méje. Èyí tó bá pàdánù, kó máa lọ tò síbi ọkọ̀ tó ń ta omi lójú ọ̀nà márosẹ̀.

"Rájí," ni Ìyá Ṣubúọlá ti wí fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun ni olórí àdúgbò, arúgbó tó gbọ́n tó sì le bí ẹ̀kùrọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Rájí, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n, egbò ti bo ẹsẹ̀ ọmọ náà títí dé orúnkún. "Mi ò wá dẹ́rù bà ọ́. Wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí. Omi tí mo máa fi wẹ̀ ẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni jórinjórin yẹn. Lónìí, má mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́, màmá."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, màmá."

Ó wá rí Ọdẹ́yalé báyìí, ní iwájú rẹ̀, ó ń nu òógùn pẹ̀lú aṣọ ìnujú tí Sìdí rán fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú aṣọ kan náà. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣàìmọ ẹni?

Rájí ta. Ó kó àwọn tó di ọ̀kọ̀ mú wọ inú yàrà, ní apá òsì Ọdẹ́yalé, ó tò wọ́n mọ́lẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Òfin kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo ọmọdé ìlú mọ̀ ní àmọ̀sórí: ọwọ́ tó kúrò, ó kúrò. Tí o bá ti gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ ogun, ibẹ̀ ni yóò wà. O ò lè fọwọ́ kàn án mọ́ àyàfi tó bá tún kàn ọ́.

"Ó kan Ìsàlẹ̀-Odò," ni ohùn náà wí.

"Ó ti ń kàn mí látàárọ̀," ni Ọdẹ́yalé dáhùn. Ó fọwọ́ ra ọwọ́. "Rájí, ṣé o ti pa ilẹ̀kùn odi? Àlejò ń bọ̀."

Ó kó gbogbo ẹlẹ́ṣin rẹ̀, gbogbo wọn pátá, ó darí wọn gba ẹ̀gbẹ́ igbó, ó yà sápá òsì, ó sì gbé wọn sẹ́nu yàrà gan-an, níbi tí ọ̀kọ̀ Rájí ti ń dúró dè wọ́n. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò rí wọn.

Rájí mọ̀ pé kò rí wọn. Ó ti pẹ́ tí iná ìjórin ti ba ojú òsì Ọdẹ́yalé jẹ́. Ọdẹ́yalé ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Tó bá fẹ́ wo òsì, á dà bí ẹni tó ń na ọrùn, á yí gbogbo orí, kí wọ́n lè rò pé ọrùn ló ń dùn ún. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tó kó ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sínú ikú tí ọmọ ọdún márùn-ún á rí, Rájí àti Sìdí wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Sìdí kàn fi oríkèé ìka kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ta á lórí rẹ̀, kó kó, bí ẹni tó ń ronú. Ọdẹ́yalé dúró. Ó yí orí, ó wò ó dáadáa, ó kó ẹṣin rẹ̀ padà, ó ní, "Mo kàn ń dán yín wò ni." Wọ́n ní, "A mọ̀." Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Kó kó. Tún un wò. Mú un padà. Wọn ò fi ẹnu sọ ọ́ rí, nítorí ohun tí wọ́n bá fi ẹnu sọ yóò ní orúkọ, orúkọ náà yóò sì jẹ́ afọ́jú.

Ẹ̀yin ará mi, kí Rájí tó ronú ọmọ tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó tó ronú páìpù, kó tó ronú Ìyá Ṣubúọlá, ìka rẹ̀ ti kan tábìlì.

Kó kó.

Ọdẹ́yalé náà ò ronú. Ó yí orí. Ó wo inú yàrà. Ó na ọwọ́, ó kó ẹlẹ́ṣin rẹ̀ padà sẹ́yìn igbó. "Mo kàn ń dán ẹ wò ni," ló wí.

Iná pupa tàn sórí tábìlì.

Ọdẹ́yalé wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

"Ẹ dákun," ni ohùn náà wí. "Ọwọ́ Ìsàlẹ̀-Odò kúrò. Ọwọ́ Ìsàlẹ̀-Odò padà. Ìjà dúró."

Obìnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀gá Tinúadé ni orúkọ rẹ̀, òun ni ìjọba fi ṣe olùdarí gbọ̀ngàn náà. Kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, aṣọ rẹ̀ kò ní ìwúnjọ kankan. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn tún dun Rájí, nítorí èèyàn á fẹ́ rí ẹni burúkú kan níbi tí irú nǹkan báyìí bá ti ń ṣẹlẹ̀.

"Bàbá," ló wí fún Rájí, "ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn. Ṣé ẹ yọ̀ǹda fún un kó kó wọn padà?"

Rájí wo àwọn ẹlẹ́ṣin tó ti padà sẹ́yìn igbó.

"Kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Tí ẹ ò bá yọ̀ǹda, a jẹ́ pé ó ṣe òjóró. Páìpù di ti àdúgbò yín lójú ẹsẹ̀. Òun á lọ ṣẹ̀wọ̀n ní Oko Iyọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Tí ẹ bá yọ̀ǹda, a jẹ́ pé ẹ bá a dìtẹ̀ mọ́ àwọn èèyàn yín. Páìpù di tiwọn. Òun á máa lọ sílé."

"Tí mi... tí mi ò bá sọ nǹkan kan ńkọ́?"

"Ẹni tó dákẹ́, òfin gbà pé kò yọ̀ǹda."

"Háà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Rájí wo èyí yíká bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ti sán. Kò síbi tó sán. Wọ́n jó o pọ̀ dáadáa. Irọ́ ní omi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní omi. Òótọ́ nìkan ni kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ta ló jókòó tó ro èyí? Ta ló mu tíì láàárọ̀, tó nu ẹnu, tó wá kọ ọ́ pé ẹni tó bá fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni ká fún lómi?

"Rájí!" Sìdí nìyẹn, láti ẹ̀yìn pátápátá níbi tí wọ́n kó àwọn ará àdúgbò mìíràn sí. "Rájí, sọ fún wọn! Èmi náà máa ń..."

"Ẹ jọ̀wọ́, màmá, ẹni tí kò sí lórí tábìlì ò lẹ́nu níbẹ̀," ni ẹ̀ṣọ́ kan wí, ó sì fi ọ̀pá dí i lọ́nà.

"Ẹnu tèmi dà? Ṣé ìwọ lo fún mi ni?"

Oko Iyọ̀. Rájí mọ ẹnì kan tó ti ibẹ̀ bọ̀. Iyọ̀ ti jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, funfun ibẹ̀ sì ti ba ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ojú méjèèjì. Ọdẹ́yalé, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù.

Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá Ṣubúọlá jókòó ní ìlà iwájú, ọmọ náà lórí itan rẹ̀. Ó ń wo Rájí. Kò mi orí. Kò ṣẹ́jú. Ó dà bí ẹni pé òun àti Ojú ti jọ mulẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ọdẹ́yalé wí lójijì. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ṣe òjóró. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé olójóró ni mí, ẹ bi ìyàwó mi."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ Rájí.

"Ọdẹ́," ni Rájí wí.

"Má pè mí. Ìwọ ò mọ̀ mí lónìí. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó o ṣe? Àwọn tèmi náà sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Lọ mu omi rẹ."

"Bàbá Ìsàlẹ̀-Odò ti jẹ́wọ́," ni Ọ̀gá Tinúadé wí, ara tù ú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n òfin ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀yin náà, bàbá. Tàbí kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ lè dákẹ́ o. Mo máa ka ení, èjì, títí dé..."

"Má kà á."

Rájí ló sọ ọ́. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó di etí tábìlì mú, iyanrìn sì ń dà sílẹ̀ sórí bàtà rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

"Ẹ dákun," ni ohùn náà wí láti òkè, "ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀."

Bóyá òun ló fà á. Bóyá ká ní irin náà kò tọrọ gáfárà ni, Rájí ì bá ṣì gbé e mì. Ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì mọ́. Ó wòkè, ó wo inú dúdú róbótó náà tààrà, ẹ̀rù ń bà á, ó sì kígbe bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́:

"Mo ní èmi ni! Èmi ni mo ní kó kó o padà! Mo kan tábìlì. Ṣé o ò rí mi ni? Gbogbo nǹkan lo ń rí. O rí wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, o ń kà wá bí adìẹ. Ojú òsì Ọdẹ́yalé ò ríran! Ó ti pẹ́ tí kò ríran. A máa ń kan tábìlì fún un kó lè tún un wò. Bí a ṣe ń ta á nìyẹn. Eré wa ni! Àwa la ni ín. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá síbí, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di... ẹ sọ ọ́ di..."

Ìwé mẹ́rin. Ó wá ohun tí wọ́n sọ ọ́ dà, kò rí orúkọ rẹ̀.

"Ta ló bi ọ́ nípa ojú mi?" ni Ọdẹ́yalé bú ramúramù. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ọ̀kan tó ń ríran àti ọ̀kan tí kò ríran. "Ta ló bi ọ́, ìwọ òpònú yìí? Ta ló fẹ́ gbé iṣẹ́ fún jórinjórin olójú kan?"

"Oko Iyọ̀ ni wọ́n ń gbé ọ lọ!"

"Ìwọ lo sọ pé mi ò lè lọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni mo sọ ọ́! O ò lè lọ!"

"A gbà á," ni ohùn náà wí. "Òkè-Èrò yọ̀ǹda. Omi di ti Ìsàlẹ̀-Odò títí di ọdún keje. Ẹ kú ìjà, ẹ̀yin ará wa. Ẹ máa lọ sílé ní àlàáfíà."

Iná pupa kú. Àwọn kan fò sókè lápá Ìsàlẹ̀-Odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn sì ń fà wọ́n láṣọ kí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn Rájí, ariwo kan dìde tí kì í ṣe ẹkún, tí kì í ṣe èpè, tó jẹ́ àwọn méjèèjì. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ní báyìí wọ́n rántí orúkọ rẹ̀.

Ó rí Ìyá Ṣubúọlá tó ń bọ̀. Ó gbé ọmọ náà sí èjìká, ó ń fi ọwọ́ kejì ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Rájí ò sá. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìgbátí náà, ó tilẹ̀ dijú.

Ìgbátí náà ò dé. Nígbà tó la ojú, arúgbó náà ti kọjá lára rẹ̀, ó ti dúró níwájú Ọ̀gá Tinúadé.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Mi ò kàwé o."

"Ẹ béèrè, màmá."

"Ká ní ọkùnrin yìí parọ́ lójú gbogbo wa ńkọ́, tó ní òun ò yọ̀ǹda. Ta ni ì bá ni omi?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

"Ká ní ó dákẹ́ bí òkúta?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ó wá sọ òótọ́."

Ọ̀gá Tinúadé wo ilẹ̀. "Òfin ni, màmá."

"Mo mọ̀ pé òfin ni. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń rà ni. Irọ́ lẹ wá rà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ọmọ yìí lẹ sì fẹ́ fi san án fún un. Nígbà tí kò tà, ẹ gbé omi lọ." Ó yíjú sí Rájí. Kò sí ìfẹ́ níbẹ̀, ẹ má tan ara yín jẹ. Ìbínú ló kún ojú rẹ̀. "Ìwọ náà, èmi àtìwọ ṣì máa sọ̀rọ̀. O ṣèlérí fún mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá jà."

Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀, sórí símẹ́ńtì níbi tí mọ́tò ti máa ń dúró ra epo láyé ìjọ́un. Ó gbé ọmọ náà sórí itan.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́," ni Ọ̀gá Tinúadé wí.

"Mi ò lọ."

"Ẹ dákun, màmá," ni ohùn òkè náà wí, "ìjà ti parí. Ẹ máa lọ sílé ní àlàáfíà."

Ìyá Ṣubúọlá gbójú sókè. "Ta ni màmá rẹ?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lápá Òkè-Èrò, ó sì jókòó sílẹ̀. Òmíràn jókòó. Sìdí gba abẹ́ ọ̀pá ẹ̀ṣọ́ kọjá, ó ń bú u bó ṣe ń bọ̀, ó wá jókòó. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò dúró, wọ́n ń wò, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kò mọ ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ sí. Ọdẹ́yalé ṣì ń bínú. Ó rìn yí tábìlì ká, kò na ọrùn mọ́, kò ṣe bí ẹni tó ń ríran lósì mọ́, ó fi ọwọ́ òsì tọ́ etí tábìlì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo Rájí. Ó mí bí akọ màlúù. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti Ìyá Ṣubúọlá, ó sì gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lélẹ̀ gbì.

Kì í ṣe ìgboyà ló mú Rájí jókòó tì wọ́n. Kí a má fi irọ́ yìn ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni kò gbé e mọ́, wọ́n rọ̀ bí ìrẹ̀sì tó ti jinná jù, ó sì ṣubú lulẹ̀ sáàárín àwọn èèyàn tó ṣẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù tó dé, ìgbànú wọn ń dún. Ọ̀dọ̀ Rájí ni wọ́n kọ́kọ́ wá, bóyá nítorí pé òun ló ń gbọ̀n jù. "Bàbá, ẹ dìde," ni wọ́n wí.

Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Ó mọ̀ ọ́n lára pé ó lè dìde. Kò dìde.